Áńpù Onítúùbù Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìdánrawò Gìtá Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn onígìtá máa ń béèrè lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó náwó lé áńpù onítúùbù. A bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn lọ sí orí èyí tó gba ìṣọ́ra.

Kí ni áńpù onítúùbù, kí ló sì fi yàtọ̀ sí èyí tó ń lo transistor?

Áńpù onítúùbù ni èyí tó ń lo túùbù onígíláàsì láti sọ ìró kékeré tó ń jáde lára gìtá di ńlá. Nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tó máa ń gbóná títí yóò fi pọ́n, iná á sì máa gba inú òfìfo kọjá láti ibẹ̀ lọ bá irin tó yí i ká. Ìró gìtá yín ló ń pàṣẹ bí iná tó ń kọjá ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Transistor ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà nínú ọ̀pọ̀ áńpù òde òní, láìgbóná tó bẹ́ẹ̀ àti láìgba ààyè púpọ̀.

Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn túùbù ń sanwó fún gan-an ni bó ṣe ń hùwà nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti fẹ́ dé òpin. Bí ẹ bá ta okùn jẹ́ẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ á mọ́ gaara. Bí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ọn, ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha díẹ̀díẹ̀, kò ní ya lójijì. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ yín lè darí ohùn náà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

Ṣé dandan ni kí n ra onítúùbù?

Kò pọn dandan rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn gaara nìkan ni ẹ nílò, tí ẹ sì fẹ́ máa lo headphone lóru, áńpù transistor bíi Boss Katana yóò ṣe yín láǹfààní ju onítúùbù tí owó wọn jọ dọ́gba lọ. Roland JC-120 tó jáde ní ọdún 1975 kò ní túùbù kankan nínú, síbẹ̀ ohùn gaara rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ lójú ọ̀pọ̀ onígìtá. Ẹni tó yẹ kó ra onítúùbù ni ẹni tó ti gbọ́ ọ, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta gìtá sí i, tó sì mọ ìyàtọ̀ tó ń wá.

Wáàtì mélòó ló tó fún yàrá?

Wáàtì 1 sí 5 tó, ó tilẹ̀ máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ariwo áńpù wáàtì 50 ni áńpù wáàtì 5 yóò pa, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Etí kì í ka wáàtì bí ẹni ń ka owó: wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, bí ẹ bá sì sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB (ìwọ̀n ariwo) 3 péré ni ẹ fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Sípíkà gìtá tí ń mú dB 97 jáde fún wáàtì 1, bí ẹ bá dúró sí mítà 1 sí i, kì í ṣe ohun àrà. Wáàtì 5 yóò gbé e dé dB 104. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì 1 pàápàá yóò mú dB 87 jáde, bẹ́ẹ̀ ènìyàn méjì tó jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kì í ju nǹkan bíi dB 60 lọ. Níbi tí ògiri kan ṣoṣo bá wà láàrin ẹ̀yin àti alábàágbé yín, ìbáà ṣe ní Mushin tàbí ní Peckham, kò sí ẹni tó máa fara mọ́ wáàtì 5 tí wọ́n ṣí dé òpin.

Jùjú, háíláìfù àti orin ìjọ ni mo ń ta, ohùn gaara ni mo sì fẹ́. Ṣé wáàtì 5 yóò tó mi?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó fẹ́ ohùn gaara nílò agbára tí yóò ṣẹ́kù sílẹ̀, kí áńpù má baà dé òpin nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ mọ́ okùn. Nínú orin jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa dá ara wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn kúkúrú tó gbọ́dọ̀ dá dúró kí etí lè yà á sọ́tọ̀. Bí ohùn bá ti ń ha, wọn á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń ta irú orin yìí lè ra áńpù wáàtì 12 sí 15, kí ó sì máa lò ó ní ìwọ̀nba. Yóò mọ́ gaara nínú yàrá, yóò sì tún ṣeé gbé lọ sí ìdánrawò ẹgbẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ohùn tó ha ni kó sá fún wáàtì púpọ̀. Kí túùbù ńlá inú áńpù wáàtì 15 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha, onílé yóò ti kan ilẹ̀kùn. Wáàtì 1 yóò fún un ní ohùn náà kí ariwo tó di ìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í ṣe ohun tí à ń ṣí dé òpin lóru. Mo mọ̀ pé òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ òǹtajà máa ń sọ: wọn á ta áńpù ńlá fún ẹni tó fẹ́ kó ha, wọn á sì ta kékeré fún ẹni tó fẹ́ kó mọ́.

Bí áńpù wáàtì 5 bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, ẹ dín bọ́tìnnì volume tó wà lára gìtá fúnra rẹ̀ kù díẹ̀. Èyí kì í dín ariwo nìkan kù, ó ń fọ ohùn mọ́, pàápàá fún gìtá tó bá ní humbucker (irú pickup oníkọ́ìlì méjì, ìyẹn ohun tó ń gba ìró lára okùn).

Kí ni ìtumọ̀ 12AX7, EL84, 6V6 àti àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀?

Orúkọ irú túùbù ni wọ́n. 12AX7, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, ni túùbù kékeré tó kọ́kọ́ gba ìró láti ara gìtá. Ẹ ó bá a nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn áńpù gìtá. EL84 àti 6V6 ni túùbù tó ń ti sípíkà nínú àwọn áńpù kékeré: EL84 ni a mọ̀ mọ́ Vox, ohùn rẹ̀ sì máa ń tàn lókè, 6V6 ni a mọ̀ mọ́ àwọn Fender kékeré, ohùn tirẹ̀ sì máa ń rọ̀ díẹ̀. EL34 àti 6L6 jẹ́ ti àwọn áńpù ńlá tí kò kan ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ má ṣe tìtorí nọ́ńbà ra áńpù, nítorí sípíkà ń yí ohùn padà ju ìyàtọ̀ EL84 àti 6V6 lọ.

Sípíkà ínṣì mélòó ni kí n wá?

Bí owó bá gbà yín láàyè, ẹ mú ínṣì 10 tàbí 12. Ínṣì 6 àti 8 kì í lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, ohùn wọn sì máa ń dà bíi pé ó wà nínú àpótí. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ fún blues, ṣùgbọ́n kò bá onígìtá ìjọ tó ń ta kọ́ọ̀dù fífẹ̀ mu.

Ọ̀nà kan wà tó dín owó kù: bí áńpù kékeré bá ní ihò tí a ti lè so sípíkà mìíràn mọ́ ọn, ẹ lè ra àpótí sípíkà onínṣì 12 àlòkù kan lọ́jọ́ iwájú. Áńpù wáàtì 5 tí a so mọ́ irú sípíkà bẹ́ẹ̀ máa ń ya àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ ka ìdáhùn tó sọ̀rọ̀ nípa ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) nísàlẹ̀ kí ẹ tó dán an wò.

Àwọn wo gan-an ni mo lè máa wá?

Láàrin àwọn oníwáàtì 1, Blackstar HT-1R àti Marshall DSL1CR ni ẹ ó rí jù. Sípíkà ínṣì 8 ni àwọn méjèèjì ní, wọ́n ní reverb (ohun tó ń mú kí ohùn dún bíi pé ẹ wà nínú gbọ̀ngàn ńlá) nínú, DSL1CR sì ṣeé dín kù sí wáàtì 0.1. Wọ́n dára fún ẹni tó fẹ́ ohùn tó ha nínú yàrá kékeré.

Láàrin àwọn oníwáàtì 4 àti 5, Vox AC4C1 ní sípíkà ínṣì 10, èyí tó fi borí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bugera V5 Infinium ní sípíkà ínṣì 8 àti bọ́tìnnì tó ń gbé e láti wáàtì 5 sí 1 àti 0.1. Epiphone Valve Junior kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́jà àlòkù: 12AX7 kan, EL84 kan, bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Bí Fender Champ àtijọ́ ṣe rí náà nìyẹn, àfi pé 6V6 ni Champ ń lò. Àìní nǹkan púpọ̀ nínú mú kí Valve Junior rọrùn láti tún ṣe fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rédíò.

Bí ohùn gaara bá ni ẹ ń wá, ẹ wo Fender Blues Junior, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1995, àti Laney Cub12R. Wáàtì 15 ni àwọn méjèèjì, EL84 méjì ló ń ti sípíkà ínṣì 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Laney ní ihò kejì tó ń dín agbára rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ wáàtì 1, èyí tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju Blues Junior lọ fún ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Blues Junior ni yóò yá tà bí ẹ bá fẹ́ tà á.

Wọ́n kọ “tube” sí ara rẹ̀. Ṣé ó ti di onítúùbù nìyẹn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn kan ní túùbù kékeré kan ṣoṣo níwájú, transistor ló sì ń ti sípíkà. Orange Micro Terror jẹ́ àpẹẹrẹ: 12AX7 kan ló wà nínú rẹ̀, agbára wáàtì 20 rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ transistor wá. Irú èyí kò burú, ó fúyẹ́, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san owó onítúùbù lé e lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà pé túùbù wo ló ń ti sípíkà. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn áńpù náà fúnra yín.

Kí ni iṣẹ́ master volume àti attenuator?

Master volume ń jẹ́ kí ẹ fi túùbù kékeré mú ohùn ha, kí ẹ sì dín ohun tó dé ọ̀dọ̀ túùbù ńlá kù. Attenuator máa ń wà láàrin áńpù àti sípíkà. Ó jẹ́ kí gbogbo túùbù ṣiṣẹ́ kíkankíkan, lẹ́yìn náà ó sọ púpọ̀ nínú agbára wọn di ooru kí ó tó dé sípíkà. Èkejì yìí súnmọ́ ohùn gidi jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra èyí tó dá dúró, owó rẹ̀ lè tó ìdajì owó áńpù kékeré. Ó sàn kí ẹ ra áńpù tó ti ní bọ́tìnnì ìdínkù nínú.

Ṣé mo lè lo headphone?

Bí ihò headphone bá wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. HT-1R ní ìjáde tó ń ṣe àfarawé sípíkà, èyí tó gba headphone. Ọ̀pọ̀ áńpù onítúùbù tí kò ní ju bọ́tìnnì kan tàbí méjì lọ kò ní in. Ẹ má ṣe ki headphone bọ ihò sípíkà láéláé: headphone lè jó, áńpù náà sì lè bà jẹ́.

Kí ló burú nínú títan áńpù láìso sípíkà mọ́ ọn?

Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni tàránsífọ́mà ìjáde, tó wà láàrin túùbù àti sípíkà. Bí kò bá rí sípíkà tó máa gba agbára náà, iná inú rẹ̀ á ga kọjá ohun tí ìdábòòbò wáyà rẹ̀ lè gbà, á sì ta níbì kan. Tàránsífọ́mà yìí wà lára ohun tó wọ́n jù nínú áńpù kékeré, nítorí náà kì í sábà tọ́ láti tún un ṣe. Áńpù transistor kì í ní ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti orí transistor fi máa ń gbàgbé.

Ní ti ohm, ẹ bá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn áńpù mu: bí wọ́n bá kọ 8, ẹ so sípíkà ohm 8. Wáyà sípíkà gidi ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo wáyà gìtá, nítorí ó tín-ín-rín jù, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ wọ ihò kan náà.

Mo rí tòkunbọ̀ kan láti Amẹ́ríkà tó dínwó gan-an. Ṣé kí n rà á?

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ 120V, iná Nàìjíríà tó jẹ́ 230V yóò jó o ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ bá ti tan án. Bí fíùsì bá kú ní tirẹ̀ nìkan, ẹ dúpẹ́. Èyí tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà yìí, nítorí iná 230V, 50Hz àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn bá ti Nàìjíríà mu. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, iná wọn bára mu bákan náà, púlọ́ọ̀gì nìkan ni ẹ máa pààrọ̀.

Step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín fóltì kù, máa ń yanjú ọ̀rọ̀ fóltì. Ẹ ra èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí áńpù ń gbà, kì í ṣe ohun tó ń fún sípíkà. Áńpù “wáàtì 5” ń gba ju 5 lọ dáadáa: iná tó ń mú 12AX7 kan àti EL84 kan gbóná nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 7, kí ẹ tó ta okùn kan.

Ohun tí step-down kò lè yí padà ni 60Hz Amẹ́ríkà sí 50Hz tiwa. Bí wọ́n bá kọ 50/60Hz sí ẹ̀yìn áńpù, kò séwu. Bí 60Hz nìkan bá wà níbẹ̀, tàránsífọ́mà rẹ̀ yóò máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nílẹ̀ wa. Ẹ fi ọwọ́ kan án lẹ́yìn ìdajì wákàtí, bí ọwọ́ kò bá gba ooru rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ fi owó step-down kún iye tí wọ́n pè kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

Ṣé mo lè lò ó pẹ̀lú iná tó ń lọ sókè sódò, jẹnẹrétọ̀ àti inverter?

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ wá stabilizer. 6.3V ló yẹ kó máa dé ọ̀dọ̀ ohun tó ń gbóná nínú túùbù. Bí iná ilé bá wálẹ̀ sí 160V, ìyẹn yóò di nǹkan bíi 4.4V, ohùn áńpù á sì rẹ̀ wálẹ̀; bí iná bá gòkè lọ sí 280V, á di nǹkan bíi 7.7V, túùbù á sì máa gbó láìtọ́jọ́. Iná tó lọ sókè léwu ju èyí tó lọ sílẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó tan áńpù, kí ẹ sì pa áńpù kí epo tó tán. Bí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dúró lójijì lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, iná máa ń fò sókè. Inverter tó jẹ́ pure sine wave kò ní wàhálà. Èyí tó jẹ́ modified sine wave lè fi ariwo hùùù sínú sípíkà tí kò sí bọ́tìnnì tó lè mú un kúrò.

Báwo ni kí n ṣe yẹ àlòkù wò?

Ẹ gbé gìtá tiyín lọ. Ẹ yọ fíùsì wò kí ẹ tó tan ohunkóhun; bí ẹ bá rí wáyà tín-ín-rín tí ẹnìkan lọ́ mọ́ ọn, fíùsì náà ti ń jó léraléra, wọ́n sì ti dí i lẹ́nu dípò kí wọ́n wá ohun tó ń jó o. Ẹ má ra á. Bí ẹ̀yìn áńpù bá ṣí sílẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: aáyán fẹ́ràn ibi tó móoru, èkúté sì lè ti jẹ bébà sípíkà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí tàránsífọ́mà tó ti jó kì í fi òórùn rẹ̀ pamọ́.

Ẹ wo àmì fàdákà tó ń dán nínú gíláàsì túùbù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, túùbù náà ti kú. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan áńpù, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Pípọ́n kékeré ní àárín túùbù ni ó yẹ kí ẹ rí. Bí irin fífẹ̀ tó yí i ká bá ń pọ́n, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wá fi ìdí pẹ́ńsù onígi kan àwọn túùbù kékeré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìró díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí sípíkà bá han gooro, túùbù náà nílò pípààrọ̀. Bọ́tìnnì tó ń ta ṣaṣa nígbà tí ẹ bá yí i kì í ṣe àrùn ńlá. Ẹ fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ túùbù, níbo ni wọ́n sì ti ń wá?

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ohùn bá ti kú tàbí tí ariwo àjèjì bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ọdún yí po. Túùbù ńlá máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ju túùbù kékeré lọ. 12AX7 lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Áńpù tó ní EL84 kan tàbí 6V6 kan ṣoṣo sábà máa ń tún bias (ìwọ̀n iná tó ń gba inú túùbù kọjá nígbà tí ẹ kò ta gìtá) ara rẹ̀ ṣe, ẹ kàn máa yọ èyí tó ti gbó, ẹ ó sì ki tuntun bọ̀ ọ́ nígbà tó bá ti tutù. Kí ẹ tó ra áńpù tó ní túùbù ńlá méjì, ẹ béèrè bóyá ó nílò kí oníṣẹ́ tún bias rẹ̀ ṣe.

Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ jù lọ túùbù gìtá tuntun ti ń wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà fòfin de kíkó wọn jáde fún ìgbà díẹ̀, owó túùbù fò sókè kárí ayé. Ẹ ra EL84 tàbí 6V6 kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra áńpù, nítorí wíwá a lójijì lọ́jà wa lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Áńpù mi ń kùn hùùù. Ṣé mo lè ṣí i fúnra mi?

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà gìtá kúrò. Bí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró, gìtá, wáyà tàbí iná yàrá ló fà á. Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kúrò lọ́dọ̀ step-down àti ṣájà fóònù, kí ẹ sì rí i pé iná ilé yín ní earth tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára púlọ́ọ̀gì láti pa kíkùn náà: okùn gìtá jẹ́ irin, ọwọ́ yín ló sì wà lára rẹ̀.

Bí ó bá ṣì ń kùn láìsí wáyà gìtá lára rẹ̀, ó lè jẹ́ túùbù tàbí capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú áńpù) tó ti gbó. Ẹ lè pààrọ̀ túùbù fúnra yín. Ẹ má ṣe ṣí àpótí irin náà láti fọwọ́ kan capacitor, nítorí inú áńpù wáàtì 5 pàápàá ń gbé ju 250V lọ, capacitor sì lè di iná náà mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e lọ bá àgbà oníṣẹ́ rédíò kan. Àwọn tó ti ń tún rédíò ṣe kí transistor tó gbòde mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, irú áńpù bẹ́ẹ̀ kò sì lè ṣe wọ́n ní kàyéfì.